Ẹ Kó Ẹrù Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Rẹ́ Pákó

Ẹni tó bá fẹ́ kan pẹpẹ mọ́ ògiri nílé rẹ̀, ọjà pákó kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Kó tẹ́ ẹní sí àárín pálọ̀, kó kó gbogbo ohun tó fẹ́ gbé sórí pẹpẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì jókòó tì wọ́n. Mo ti wọ ilé púpọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí tí pẹpẹ ara ògiri wọn ń dán gbinrin, tó jẹ́ pé òdòdó oníke àti ife tí wọ́n pín níbi ìnáwó nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ohun tí ìdílé náà kà sí jù lọ ń bẹ nínú àpò Ghana-must-go lábẹ́ ibùsùn. Orí fóònù ni wọ́n ti rí àwòrán pẹpẹ náà, wọ́n ní kí káfíńtà ṣe irú ẹ̀, ìgbà tó parí ni wọ́n wá ń wá ohun tí wọ́n máa gbé sí i. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i. Pẹpẹ ara ògiri wà lára ohun tí ojú àlejò máa ń kọ́kọ́ bà tó bá jókòó. Òun ló ń sọ fún un irú ẹni tó ń gbé ilé yẹn. Kò yẹ kó jẹ́ ike ló máa ṣojú wa.

Ilé ẹbí wa ni mo ti ṣe tèmi. Ọwọ́ iwájú ilé náà, búlọ́ọ̀kù ni. Ọwọ́ ẹ̀yìn, níbi tí yàrá Màámi wà, ògiri amọ̀ tí àwọn bàbá wa mọ ló ṣì dúró digbí, sìmẹ́ńtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Ohun tó wà lórí ẹní nìyí: Kùránì ńlá tí Bàbá máa ń kà lẹ́yìn ìrun àsùbá nígbà ayé wọn, pẹ̀lú igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ láti gbé e lé, àwọn abọ́ tánganran olómọrí tí Màámi kó wá sílé ọkọ, tí òdòdó pupa wà lára ọmọrí wọn, rédíò onígi kan tí kò fọhùn mọ́, ìwé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́ olùkọ́, àti àwọn ìkarawun etí òkun tí ọmọ mi obìnrin kó jọ sínú agolo mílíìkì.

Mo fi téèpù wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín ládùúgbò wa, mo gbé wọn kọ́ ọ. Nínú ìwọ̀n yìí ni pẹpẹ ti jáde. Abọ́ tó fẹ̀ jù lọ gba íǹṣì 10, pẹpẹ tirẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dín ní íǹṣì 11. Ìwé kò nílò ju íǹṣì 8 tàbí 9 lọ. Bí ẹ bá fún un ní 12, eruku ni ẹ wáyè fún. Ìkarawun ò gbà ju íǹṣì 4. Bó ṣe di pẹpẹ mẹ́rin tí ìbú wọn ò dọ́gba nìyẹn, àwọn tó ń wò wọ́n sì rò pé torí kó lè wu ojú nìkan ni mo ṣe ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà lára ògiri náà, ẹrù ló sọ ọ́. A kì í gbé nǹkan lé orí Kùránì, a kì í sì í gbé e sábẹ́ ohun mìíràn. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń sọ yìí, ìlú tí Kòsọ́kọ́ fàbọ̀ sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851, tí púpọ̀ nínú àwọn tó bá a wọkọ̀ wá sì jẹ́ Mùsùlùmí. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọmọ ìlú yìí níbi tí Kùránì ń wà. Òkè pátápátá di tirẹ̀, òun nìkan. Abọ́ àti rédíò tẹ̀ lé e. Ìwé, tó wúwo jù, wà nísàlẹ̀ wọn ní déédéé àyà, kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe bó bá já. Ìkarawun wà níbi tí ọmọ ọdún méje lè nawọ́ mú un fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń mú ọmọdé ba nǹkan jẹ́ nílé tó gígun àga.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé tó bá kún ẹsẹ̀ bàtà kan péré lórí pẹpẹ lè tó kílò 10. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kílò 30 nìyẹn, tọ̀sán-tòru ló sì máa wà níbẹ̀. Pákó tí ẹrù ò kúrò lórí rẹ̀ á máa tẹ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kódà bí ẹ kò bá fi ewé ìwé kan kún un. Bí ẹrù kan náà bá wà lórí pákó méjì tó nípọn bákan náà, tí ọ̀kan wá gùn ní ìlọ́po méjì èkejì, èyí tó gùn á tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ẹ bá sì mú pákó tó nípọn ní ìlọ́po méjì, títẹ̀ náà á já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní bá káfíńtà jiyàn mọ́ lórí ìdí tí wọ́n ṣe fi apá kẹta tó ń gbé pákó ró sáàárín. Pákó tí wọ́n bá fá dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, tó máa ru ìwé, èmi kì í jẹ́ kí àlàfo láàárín apá méjì tó gbé e ró kọjá ẹsẹ̀ bàtà méjì àtààbọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mú un le, òun ló sì dùn mọ́ mi nínú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ mú igi tín-ín-rín tó fẹ̀ ní íǹṣì kan àtààbọ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lóòró mọ́ etí iwájú pákó, kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sábẹ́. Nítorí pé òòró ló dúró, ó ṣòro fún ẹrù láti tẹ̀ ẹ́, ó sì ń gba pákó náà mú kó má tẹ̀. Àlejò á rí i pé pẹpẹ náà nípọn, ó sì lẹ́wà. Etí yìí kan náà ni a ó gbẹ́ ọnà sí. Ohun tó ń dá pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́ náà ló tún ń gbé e ró, irú ọ̀ṣọ́ tí mo fẹ́ràn nìyẹn.

Pákó wá kàn. Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà sí igi rí. Láyé àwọn bàbá wa, gẹdú tí wọ́n gé nígbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ojú omi ló ń gbà lọ sí Èkó: wọ́n á so àwọn ìtì igi mọ́ra wọn, wọ́n á jẹ́ kó léfòó lórí ọ̀sà, wọ́n á sì máa tù ú lọ sí Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, níbi tí àwọn onílàgi Oko Bàbá ti ń dúró dè é. Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ mọ bí ìtì igi ṣe ń kún ojú omi ibẹ̀, àti bí èéfín eruku pákó ṣe ń rú lọ sókè. Láìpẹ́ yìí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ wá sí Àgbọ́wá, ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Igi tó máa ń kọjá lójú wa lọ sí Èkó ti wá di ará àdúgbò wa. Èmi ò rí ìdí tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ á ṣe máa náwó lórí pákó àlẹ̀pọ̀ tí wọ́n fi eruku igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀. Òótọ́ ni pé ó máa ń tẹ́jú, kì í sì í lọ́, bí ọ̀dà bá gba gbogbo ara rẹ̀, tí yàrá náà sì gbẹ, ó lè pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ọ̀sà wa ń wọ inú ilé. Bí omi bá rí ibi tó há gbà wọ inú pákó bẹ́ẹ̀, ó wú nìyẹn, kì í sì í padà sípò mọ́. Síkúrúù tí wọ́n bá sì ti yọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá dá a padà, kì í di ibẹ̀ mú dáadáa mọ́.

Bí ẹ bá dé ọjà, arère ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà sílẹ̀ fún yín, torí ó fúyẹ́, ó funfun, ayùn sì ń gba inú rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò burú fún ohun tí kò wúwo. Àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀: ihò bíńtín-bíńtín á yọ lára rẹ̀, ìyẹ̀fun á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí kò bá sì tètè gbẹ, àbàwọ́n búlúù á ràn ká inú rẹ̀. Afàrà àti ìdígbó le jù ú lọ díẹ̀. Mẹlíńà, tí ìjọba gbìn káàkiri nílẹ̀ Yorùbá, kì í wọ́n púpọ̀, bó bá sì ti gbẹ tán, ojú kan ló ń dúró sí. Igi ọ̀mọ̀, tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, kì í sì í tètè jẹrà. Ọ̀gànwó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń gba pólíìṣì bí awọ ṣe ń gba òróró.

Ìrókò ni ọ̀gá gbogbo wọn lọ́wọ́ tèmi. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, òjò àti oòrùn á bá a jà pẹ́ kí wọ́n tó borí rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ sì ṣe ń bà á ni àwọ̀ rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ní Olúwéré ló ń gbé inú rẹ̀, wọn kì í gé e láìṣètùtù. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ìrókò ti dín kù nínú igbó wa, owó rẹ̀ sì ti lé kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kan pẹpẹ. Ẹni tó bá rí i kó fi aṣọ bo imú àti ẹnu kó tó fi ayùn kàn án, nítorí eruku rẹ̀ máa ń yún èèyàn lára, ó sì máa ń fa sísín.

Igi yòówù kí ẹ yàn, bó ṣe gbẹ tó ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi ló kún inú rẹ̀. Bó bá ń gbẹ, kì í dín ní gígùn, ìbú ló ti ń dín. Pákó tó fẹ̀ ní íǹṣì 12 lè sún kì ní ìdá mẹ́rin íǹṣì, ó sì lè dé ìlàjì. Bí ẹ bá ti fi ìṣó kàn án mọ́ nǹkan tí kò jẹ́ kó sún, yóò là. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbẹ ṣáájú èkejì, yóò ká bí ewé. Nítorí náà, ẹ tò ó sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn ò dé, kí igi pẹlẹbẹ wà láàárín pákó kan àti èkejì, kí ẹrù sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja yẹn wúlò níbí náà. Ẹ gbé pákó kọ́ ọ, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ tún un gbé. Bí ìwọ̀n náà ò bá dín mọ́, ó ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni kó wá wọ inú yàrá tó máa gbé, kó sùn níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èmi wo ẹ̀yìnkùlé kí n tó wo ọjà. Nígbà tí wọ́n fi fèrèsé onígíláàsì rọ́pò ti pákó ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n to àwọn ojú fèrèsé àtijọ́ náà ti ògiri lábẹ́ páànù, wọ́n sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Ìrókò ni wọ́n, wọ́n sì ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi. Mo fi òòfà rìn lójú wọn kí n tó gbé ayùn, torí ìṣó tó ti kán máa ń fara pamọ́ sínú igi bẹ́ẹ̀, eyín ayùn ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ọ̀dà ara wọn, mi ò fi sáńdípépà há a gbígbẹ, nítorí ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ ò sì dára fún ọmọdé rárá. Oògùn tó ń bó ọ̀dà ni mo lò, níta, mo ṣa èérí rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ìgbà tí ìfági kọ́kọ́ kọjá lára pákó náà tí ojú rẹ̀ yọ, Màámi dé ìdí mi, wọ́n gbá a mú, wọ́n ní, “Àṣé bó o ṣe wà rèé!” Igi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ògiri ni ọ̀pọ̀ pẹpẹ ti ń kú. Èèyàn á ra pákó gidi, á ra síkúrúù gidi, á wá kàn án mọ́ pílásítà. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 tí a fi ń kọ́lé gùn ní mìlímítà 450, ó ga ní 225, ó sì nípọn ní 225, ṣùgbọ́n ihò ló wà láàárín rẹ̀. Ara tó yí ihò náà ká nìkan ni sìmẹ́ńtì wà. Bí ẹnu dírílì bá ń lọ jẹ́jẹ́ tó sì já lójijì, inú ihò lẹ bọ́ sí yẹn, rọ́bà tí a fi ń di síkúrúù kò ní rí nǹkan gbá mú níbẹ̀. Bàbá káfíńtà kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi àti òrùlé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àwọn ni mo lọ bá.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbà pé dírílì ti tán gbogbo ẹ̀. Fi kókó ìka rẹ kan ògiri yẹn kó o gbọ́ ohun tó ń wí.”

Mo kàn án. Ibi kan dún gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀, ibi kan dún kó-kó.

“Níbi tó ti ń dún kó-kó yẹn, fi síkúrúù rẹ síbẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí ibi tí o fẹ́, gbẹ́ ihò, kó o ri èèkàn mọ́ ọn.”

Èèkàn tí wọ́n ń wí, igi líle ni, gbígbẹ pátápátá, tí wọ́n gbẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó ń wọ inú ògiri fẹ̀ ju ojú rẹ̀ tó wà níta lọ. Wọ́n á fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì la ihò sínú búlọ́ọ̀kù, wọ́n á rọ sìmẹ́ńtì àti yanrìn mọ́ èèkàn náà nínú ihò, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni àwọn kọ́lékọ́lé ń kà kí sìmẹ́ńtì tó gba agbára rẹ̀ dáadáa, nítorí náà sùúrù ò ba iṣẹ́ jẹ́. Bó bá le tán, kò sí bí èèkàn náà ṣe lè yọ, torí ìdí rẹ̀ ò gba ojú ihò. Ògiri amọ̀ kò ní agbára tí rọ́bà síkúrúù lè gbára lé rárá. Èèkàn gígùn tó wọlé tó íǹṣì 6 nìkan ló lè dúró níbẹ̀. Bí ẹrù bá sì wúwo ju ohun tí èèkàn lè gbé lọ, kí ẹ jẹ́ kí igi tó ru ú gúnlẹ̀ dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ti apá tó ń gbé pákó ró, ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹrù tó wà lórí pẹpẹ ń fẹ́ fa síkúrúù òkè jáde. Bí kílò 10 bá jìnnà sí ògiri ní íǹṣì 5, tí apá náà sì sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri ní íǹṣì 5, agbára tó ń fa síkúrúù yẹn tó ti kílò 10. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní íǹṣì 10, ó di ti kílò 5. Apá tó gùn sílẹ̀ lára ògiri ló ń pẹ́, kì í ṣe èyí tó gùn sí iwájú. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ kan igi gbọọrọ kan mọ́ ògiri, tí etí òkè rẹ̀ dagun, kí ẹ wá gbé pẹpẹ tí wọ́n rẹ́ etí tirẹ̀ dagun bákan náà gùn ún. Síkúrúù púpọ̀ á pín ẹrù náà láàárín ara wọn, ẹ sì lè gbé pẹpẹ kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́ kun ilé. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé á rí i pé èyí ló dára jù fún òun, torí kò ní nira fún un láti tú u kó sì dí ihò rẹ̀ nígbà tó bá ń kó jáde; kó sì bá onílé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi dírílì lu ògiri ní òkè suwíìṣì tàbí sókẹ́ẹ̀tì, tàbí ní ìsàlẹ̀ wọn, nítorí ibẹ̀ ni páìpù wáyà sábà ń gbà gòkè. Kí ẹ pa iná láti ìdí mítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Fún títọ́ rẹ̀, ọgbọ́n àwọn bíríkìlà ni mo lò: rọ́bà gbọọrọ tó funfun, tí wọ́n bu omi sí. Ibi tí omi bá dé ní ẹnu kan ló máa dé ní ẹnu kejì, bó ti wù kí ilẹ̀ ilé náà dagun. Òkè àjà pálọ̀ wa dagun díẹ̀ sí apá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n jẹ́ kí pẹpẹ bá òkè lọ kí ojú má baà rí i. Mi ò gbà. Omi ni mo tẹ̀ lé. Ohun tó bá ṣeé yí á máa yí lórí pẹpẹ tó dagun, ìyókù á sì mọ́ ojú lára bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Ọnà gbígbẹ́ ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ mi ti dúró pẹ́ jù. Bí ẹ bá ti rí àwòrán ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924 tó sì wà ní British Museum dòní, ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kúrò lára pákó, orí wọn yọ síta. Ilẹ̀kùn lè gba irú gbígbẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gbé ẹrù lé e. Etí pẹpẹ ò lè gbà á. Gbogbo ibi tí ẹ bá gbẹ́ kúrò lára etí tó ń gbé pákó ró, agbára lẹ mú kúrò. Mo pinnu pé ọnà tèmi ò ní jìn ju ìdá kan nínú mẹ́rin sísanra igi náà lọ: ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ojú ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, láti ìbẹ̀rẹ̀ etí dé òpin rẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Àwọn apá tó gbé e ró ni mo fún ní ìrísí imú ọkọ̀ ojú omi. Ó wù mí kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé ìlú ẹlẹ́ja lòun wà láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Mo sì fi ara ògiri sílẹ̀ ní ṣíṣófo púpọ̀. Ìfẹ́ tí àwa Yorùbá ní sí kíkún ilé yé mi. Ògiri tí fọ́tò, kàlẹ́ńdà àti aago bò ń fi hàn pé èèyàn wà nílé. Ṣùgbọ́n abọ́ Màámi ò lè fara hàn láàárín ogún nǹkan mìíràn. Ó nílò àyè, bí àgbà ṣe nílò àyè láti jókòó.

Mo fi sáńdípépà onínọ́ńbà 80, tó rí gbágungbàgun, há pákó náà, mo lo 120, mo fi 240 tó kúnná parí rẹ̀, ibi tí iṣan igi dojú kọ ni mo sì ń há a sí. Òróró lín-sídì, òróró irúgbìn tó ń gbẹ mọ́ igi lára, ni mo fi pa á, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Àkísà tí ẹ bá fi pa irú òróró yìí, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn ará ilé wò ó, wọ́n ní rédíò tí kò fọhùn ò yẹ lórí pẹpẹ, kí n gbé ẹ̀rọ ìgbóhùn tuntun síbẹ̀. Màámi ò dá wọn lóhùn. Wọ́n gbé àga, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu rédíò náà, wọ́n sì yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Wọ́n to abọ́ wọn bí wọ́n ṣe gba wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn, èyí tó tóbi jù lápá òsì, ọmọrí kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ mi kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló fún wọn ní abọ́ wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù. Látọjọ́ tí àwọn abọ́ náà ti wà nínú àpótí, kò sí ọmọ kankan tó béèrè rí.

Nígbà ọyẹ́ ni mo máa ń dán àwọn síkúrúù wò, nítorí igi á ti sún kì díẹ̀ nígbà náà. Yíyí kékeré ti tó, kí ẹ má fún un jù. Òróró tuntun náà máa ń gba ibi tó bá ti ṣá.

Màámi ti wá ní àwọn náà fẹ́ ọ̀kan sí yàrá wọn, fún awò ojú, ìgò oògùn àti tẹsùbáà wọn. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kò tó kílò méjì. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí ibùsùn kí wọ́n nawọ́, ibi tí ìka wọn dé láìṣe wàhálà ni mo fi pẹ́ńsù sàmì sí. Amọ̀ ni ògiri ibẹ̀, nítorí náà mo ti gbẹ́ èèkàn méjì sílẹ̀ lára ìrókò tó ṣẹ́ kù. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa la ihò wọn.